Ọwọ́ Ni Kó Kẹ́yìn: Bí A Ṣe Ń To Kẹ̀kẹ́ Àfẹ̀yìntìgùn fún Ìrọ̀rùn àti Ìyára ní Ilẹ̀ Olókè

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ ní Adó-Èkìtì fún àwọn agunkẹ̀kẹ́ àti àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá wa tí ẹ ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Adó, Ìkẹ́rẹ́ àti Ìkọ̀lé, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ fún eré ìdárayá, mo kí yín, ẹ kú ìkàlẹ̀. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń to ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àfẹ̀yìntìgùn àti àyè tí agunkẹ̀kẹ́ jókòó sí, kí ara lè rọ ẹni tó ń gùn ún, kí kẹ̀kẹ́ náà sì lè yá. Ọ̀rọ̀ mi kò ta kókó. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí a fi ń gbé ara dúró, nítorí náà òun ni ó yẹ kí a tò kẹ́yìn, lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn bá ti rí ibi tí ó yẹ kí wọ́n wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ṣe òdìkejì èyí: wọ́n á ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tán, wọ́n á kọ́kọ́ fa ọwọ́ rẹ̀ síbi tí ó wù wọ́n, wọ́n á wá máa wá bí ẹ̀yìn àti orúnkún yóò ṣe bá a mu. Ibẹ̀ ni èjìká dídùn ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ìyára ti ń sọnù.

Irú kẹ̀kẹ́ yìí kò wọ́pọ̀ ní ìpínlẹ̀ wa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì rí i rí. Lórí kẹ̀kẹ́ tí gbogbo wa mọ̀, irú Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn lọ sí oko kòkó, gàárì kékeré ni a jókòó lé, a tẹ̀ síwájú, a sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé apá kan ìwúwo ara wa lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Lórí kẹ̀kẹ́ àfẹ̀yìntìgùn, ìjókòó tó ní ibi ìfẹ̀yìntì ni ó wà níbẹ̀. Ìdí àti ẹ̀yìn ni ó ń gbé ìwúwo, ẹsẹ̀ nà síwájú, pẹ́dàlì sì wà lórí irin kan tó yọ sí iwájú, tí èmi yóò máa pè ní òpó iwájú. Àtẹ́lẹwọ́ kò gbé ohunkóhun. Ẹni tó bá rí i pé òun ń fi ọwọ́ fa ara òun sókè, tàbí pé òun ń rọ̀ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kí òun má baà yọ̀, kí ó mọ̀ pé ìjókòó tàbí òpó iwájú ni ó ní àléébù.

Àwọn kan lérò pé àṣejù àwọn ọ̀dọ́ òde òní ni kẹ̀kẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1933, Francis Faure gun Vélocar, kẹ̀kẹ́ àfẹ̀yìntìgùn tí Charles Mochet ará Faransé ṣe, ní pápá ìdíje kan ní Paris, ó sì rin kìlómítà 45.055 láàárín wákàtí kan. Ó fi bẹ́ẹ̀ kọjá kìlómítà 44.247 tí Oscar Egg ti fi lélẹ̀ láti ọdún 1914. Faure kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá pátápátá láàárín àwọn eléré kẹ̀kẹ́ ìgbà ayé rẹ̀. Bí ó ṣe jókòó ni ó fi jù wọ́n lọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, UCI, àjọ tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, ṣe òfin tó yọ irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìdíje wọn, òfin náà sì wà títí di òní. Ìdíje nìkan ni òfin yẹn kàn o, kò kan ojú pópó. Àwọn tó ń fi ike bo irú kẹ̀kẹ́ yìí pátápátá ti lọ jìnnà ju Faure lọ: ní Battle Mountain ní ìpínlẹ̀ Nevada lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Todd Reichert sáré 144.17 kìlómítà ní wákàtí lọ́dún 2016. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe retí irú ìyẹn lójú ọ̀nà Ìyìn.

Ẹsẹ̀ ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó, kí ìdí wọlé dáadáa, kí gbogbo ẹ̀yìn fara kan ibi ìfẹ̀yìntì, kí ẹnìkan di kẹ̀kẹ́ mú. Ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì nígbà tí pẹ́dàlì náà bá jìnnà sí yín jù lọ. Orúnkún gbọ́dọ̀ nà tán pátápátá níbẹ̀, láìjẹ́ pé ìbàdí fà síwájú láti bá a. Bí ẹ bá wá gbé ẹsẹ̀ padà sí bí a ṣe ń wa kẹ̀kẹ́, tí ó jẹ́ ibi tí àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ó wà lórí pẹ́dàlì, orúnkún yóò ká díẹ̀, díẹ̀ yẹn náà ni a ń fẹ́. Òpó tó kúrú jù máa ń mú iwájú orúnkún dunni. Èyí tó gùn jù máa ń fa iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀, ó sì máa ń mú ìbàdí jó sọ́tùn-ún sósì lórí ìjókòó. Lórí kẹ̀kẹ́ àtijọ́, ẹni tó bá tẹ pẹ́dàlì ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ yóò dìde kúrò lórí gàárì. Lórí èyí, ibi ìfẹ̀yìntì kò jẹ́ kí ó dìde, nítorí náà ó lè fi ẹsẹ̀ ti pẹ́dàlì ju bí orúnkún ṣe lè fara dà lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ jíà kékeré fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gun òkè wa: kí ẹsẹ̀ máa yí kánkán, kí ó má ṣe máa tì pẹ̀lú ipá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún un ṣe, ẹ rántí ṣéènì. Bí òpó iwájú bá fi sẹ̀ǹtímítà 1 gùn sí i, ṣéènì nílò bíi sẹ̀ǹtímítà 2, nítorí apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ni ó gùn sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ṣe fa òpó síwájú tán kí ẹ wá jẹ́ kí oníbàárà yín yí jíà sí ibi tó tóbi jù níwájú àti lẹ́yìn láìwò ó bóyá ṣéènì ṣì tó.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀, ẹ̀yìn ló kàn. Bí ìjókòó bá ṣe dùbúlẹ̀ tó ni ojú tí a kọ sí atẹ́gùn ṣe ń kéré tó. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ yìí díje máa ń dùbúlẹ̀ débi pé ẹ̀yìn wọn kò fi ju dígírì 20 sí 30 lọ sí ilẹ̀, àwọn tó ń fi í rìnrìn àjò sì sábà máa ń jókòó ní dígírì 40 sí 60. Ní tèmi, kí ẹni tó ń gbé Èkìtì bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 45. Bí ẹ̀yìn bá dùbúlẹ̀ jù, ọrùn ni yóò máa gbé orí sókè kí ojú lè ríran, nígbà tí ọ̀nà bá sì le, ọrùn yóò ti rẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó rẹ̀. Àwọn kan á ní kí a fi ìrọrí sí i. Ìrọrí dára lórí ọ̀dà tó tẹ́jú. Lórí ọ̀nà tí kòtò pọ̀ sí, ńṣe ni ó ń gbọn orí, tí ojú kò fi ní lè mú ohun kan pàtó. Bí ìjókòó bá tún nà ró jù, ìwúwo yóò bọ́ sórí ìdí nìkan, ìrora yóò sì mú iṣan ìdí. Ẹni tí ìyẹn bá ń ṣe, kí ó dẹ ìjókòó sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀yìn yóò fi gbà lára ẹrù náà.

Ní ti ohun tí a fi ṣe ìjókòó, aṣọ oníhò tí wọ́n ta mọ́ irin ni mo fara mọ́ fún ooru ilẹ̀ wa. Ìjókòó oníke tó le máa ń yá díẹ̀ jù ú lọ, torí pé kì í gba agbára ẹsẹ̀ mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi í gun ọ̀nà Ìgèdè lọ sí Arámọ̀kọ ní ọ̀sán oṣù kejì ọdún mọ̀ bí òógùn ṣe ń rin ẹ̀yìn gbinrin.

Nísinsìnyí, a dé orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ gan-an.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbà ṣe é. Ti àkọ́kọ́ wà lábẹ́ ìjókòó: apá rọ̀ sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, ọwọ́ sì dì í mú níbi tí ọwọ́ máa ń bọ́ sí fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá jókòó láìṣe nǹkan kan. N kò mọ èyí tó rọ ara tó o, ojú sì ríran kedere nítorí kò sí ohunkóhun níwájú àyà. Ṣùgbọ́n apá méjèèjì yọ sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí atẹ́gùn ti ń gbá wọn, bí kẹ̀kẹ́ bá sì dojú dé ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, ìka ọwọ́ wà lára ohun tí yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó fẹ̀, tó wà lókè ẹsẹ̀, tí apá nà síwájú láti dì í mú, tí orúnkún sì ń kọjá láàárín rẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni èyí tó tín-ín-rín tó sún mọ́ àyà: ìgbọ̀nwọ́ ká, ọwọ́ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn níwájú àyà, apá sì fara pamọ́ síwájú ara débi tí atẹ́gùn kò fi rí ohun mìíràn gbá. Ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yàtọ̀, nítorí kò lè ṣubú bí a bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa orúnkún àti ojú kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án.

Ọ̀nà kẹta yìí ni àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn jù nítorí wọ́n ń rí i nínú fídíò àwọn eléré ìdíje. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó lè dé itòsí àyà, irin tó so ó mọ́ fọ́ọ̀kì, ìyẹn irin tó di táyà iwájú mú, gbọ́dọ̀ gùn bọ̀ wá sẹ́yìn gan-an. Bí ibi tí a dì mú bá jìnnà sí ibi tí fọ́ọ̀kì ti ń yí, ọwọ́ kì í yí mọ́, ńṣe ni ó ń lọ sọ́tùn-ún àti sósì lódindi, bí ìgbà tí ènìyàn bá di igi ọmọlanke mú láti yí i sí ẹ̀gbẹ́. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Láti yí táyà iwájú ní dígírì 10, ẹni tí ibi ìdìmú rẹ̀ jìnnà sí ojú ìyípo ní sẹ̀ǹtímítà 20 yóò gbé ọwọ́ rìn ní bíi sẹ̀ǹtímítà 3.5, ẹni tí tirẹ̀ jìnnà ní sẹ̀ǹtímítà 50 yóò gbé ọwọ́ rìn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 9. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń sáré, a kì í yí táyà ju dígírì kan tàbí méjì lọ, nítorí náà ìyàtọ̀ náà kò ní hàn. Àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí kẹ̀kẹ́ kò ní máa ta kìjikìji bí ọwọ́ bá gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gun òkè ní kìlómítà 7 ní wákàtí, tí kẹ̀kẹ́ ń yẹ̀ sọ́tùn-ún yẹ̀ sósì, ni ó nílò láti yí táyà púpọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ibẹ̀ ni ọwọ́ yóò ti máa kan ìhà, tí ìgbọ̀nwọ́ yóò máa kan ìjókòó, tí ọ̀kadà ẹ̀yìn yóò sì máa fọn fèrè.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn tó ń gun òkè lójoojúmọ́ pé ọ̀nà kejì ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó fẹ̀ tó èjìká tàbí kí ó fi díẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ, pẹ̀lú irin ìsopọ̀ tó kúrú bí ara bá ṣe gbà. Bí wọ́n bá ti mọ kẹ̀kẹ́ náà dáadáa, tí wọ́n lè gbéra lórí òkè láìgbọ̀n, kí wọ́n wá máa sún un súnmọ́ ara wọn, kí wọ́n sì máa dín fífẹ̀ rẹ̀ kù.

Bí a ṣe ń wá ibi tó yẹ kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wà nìyí. Ẹ jókòó bí ẹ ṣe ń jókòó láti gùn ún, kí ẹsẹ̀ kan wà lórí pẹ́dàlì. Ẹ ju èjìká sílẹ̀, ẹ má fà á sókè. Ẹ ká ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ síwájú títí tí kò fi sí iṣan kankan tó ń fà láti ẹ̀yìn ọrùn dé orí ìka, kí ẹ sì dúró níbẹ̀. Ẹ wá ní kí ẹnìkejì yín tú nọ́ọ̀tì, kí ó mú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wá bá ọwọ́ yín. Kí ọwọ́ yín má lọ bá a. Bí ẹ bá nawọ́ síwájú láti bá a, èjìká yóò kúrò lára ibi ìfẹ̀yìntì. Èjìká tó bá sì ti kúrò níbẹ̀, agbára tó yẹ kí ẹsẹ̀ rí gbára lé ti dínkù nìyẹn. Mo ti rí ẹni tó ní ẹ̀yìn ń dun òun, tí ó pààrọ̀ tìmùtìmù ìjókòó lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kejì, tí ó sì jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ fi jìnnà sí i ni ó ń fa gbogbo rẹ̀.

Bí ọwọ́ bá ti rí àyè rẹ̀, orúnkún ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ yí pẹ́dàlì sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹnìkan bá di kẹ̀kẹ́ mú, kí ẹ máa yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lọ sọ́tùn-ún dópin, lẹ́yìn náà sósì dópin. Orúnkún kò gbọ́dọ̀ kan irin níbikíbi, kí ó ku àyè bí ìka ọwọ́ méjì ó kéré tán, nítorí sòkòtò ń fẹ̀, ara sì ń mì lórí ọ̀nà tí kò dára. Lórí àwọn kẹ̀kẹ́ kan, gìgísẹ̀ ni yóò kan táyà iwájú nígbà tí a bá yí púpọ̀. Ìyẹn kò ní àtúnṣe lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹni tó ń gùn ún ni yóò kọ́ láti dá ẹsẹ̀ dúró bí ó bá ń yà ní igun tó há.

Ohun tó kàn ni ojú, èmi a sì dúró lórí rẹ̀ díẹ̀ nítorí kòtò ọ̀nà wa. Lórí kẹ̀kẹ́ yìí ojú ẹni kò ga, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àti ìka ẹsẹ̀ sì wà níwájú. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ojú yín ga ní sẹ̀ǹtímítà 90 sí ilẹ̀, àti pé ohun tó ga jù níwájú yín, ìbáà ṣe ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ìbáà ṣe bàtà, wà ní mítà 1.3 síwájú ojú, ó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 75. Bí ẹ bá fa okùn láti ojú yín gba orí nǹkan náà kọjá, ibi tí okùn yóò ti kan ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 8. Èyí túmọ̀ sí pé kòtò tó bá sún mọ́ yín ju mítà 8 lọ ti fara pamọ́. Ní kìlómítà 30 ní wákàtí, kẹ̀kẹ́ ń rin mítà 8.3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tó ṣáájú kí táyà tó wọ kòtò, ẹ kò rí i mọ́, ìrántí nìkan ni ẹ fi ń wakọ̀. Bí ẹ bá lè rẹ nǹkan náà sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 péré, tí ó fi di 65, okùn yóò kan ilẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 4.7. Bí bàtà bá jẹ́ ohun tó ga jù, ìjókòó ni kí ẹ nà ró díẹ̀ kí ojú lè ga. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kò sí ìdí kankan tí ẹ fi ní fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọrùn ọwọ́ ló tẹ̀ lé e. Kí ọwọ́ àti apá wà lójú ìlà kan, kí ọrùn ọwọ́ má ṣe ká sókè tàbí sí ẹ̀gbẹ́. Bí ọmọ ìka tó kéré jù àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá ń kú tipiri, ẹ wò ó bóyá ẹ ń di irin mú ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí bóyá ibi ìdìmú ti yí sí ẹ̀gbẹ́. Bí gbogbo ọwọ́ bá ń kú, ẹ wò ó bóyá ó ga ju àyà lọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ kì í fẹ́ gòkè lọ síbi tí a gbé apá sí fún wákàtí gígùn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú, tí àtẹ́lẹsẹ̀ sì ń jó o, ẹ̀tọ́ ni kí ó wo bí pẹ́dàlì rẹ̀ ṣe ga tó sí ìjókòó àti bí bàtà rẹ̀ ṣe fún tó. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń rò ó lọ́kàn pé, bí gbogbo ìrọ̀rùn yìí bá wà, níbo ni ìyára wà? Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò dáhùn. Agbára tí a ń ná lórí atẹ́gùn máa ń di ìlọ́po mẹ́jọ bí ìyára bá di ìlọ́po méjì. Ẹ mú agunkẹ̀kẹ́ kan àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí àpapọ̀ ìwúwo wọn jẹ́ kílò 90. Ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, ní kìlómítà 30 ní wákàtí, bí ojú tí ó kọ sí atẹ́gùn kò bá tóbi jù, yóò ná nǹkan bíi wáàtì 100 lórí atẹ́gùn nìkan. Níbẹ̀, gbogbo sẹ̀ǹtímítà tí apá yọ sí ẹ̀gbẹ́ ni ó ń sanwó rẹ̀. Ẹ wá gbé ẹni yẹn sórí òkè tó ń fi mítà 6 ga sókè nínú ọgọ́rùn-ún mítà, irú èyí tí a ń bá pàdé bí a bá ń sún mọ́ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kí ó máa gùn ún ní kìlómítà 9 ní wákàtí. Yóò ná nǹkan bíi wáàtì 130 láti gbé ìwúwo rẹ̀ gòkè, ohun tí atẹ́gùn sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní tó wáàtì 3.

Ẹni tó bá wo ìṣirò yìí dáadáa yóò rí i pé lórí òkè, kò sí èrè kankan nínú kí a fi apá pamọ́. Ohun tó ń ṣe ènìyàn láǹfààní níbẹ̀ ni kí èjìká sinmi, kí èémí wọlé dáadáa, kí kẹ̀kẹ́ lọ tààrà láìyẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, nítorí gbogbo yíyẹ̀ ni ó ń fi kún ìrìn. Ẹ̀dá tó ń gun òkè fún ìdajì wákàtí, tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ìdajì wákàtí yẹn ni kí ó to kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fún. Nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó lè ká ìgbọ̀nwọ́ mọ́ra kí atẹ́gùn dínkù, bí ọ̀nà bá tẹ́jú tí ó sì ríran. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ Netherlands dára fún wọn níbẹ̀. Òkè ni ti wa.

Bíréèkì, jíà àti dígí ni ó kù lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, n kò sì ní pẹ́ lórí wọn. Ìka méjì gbọ́dọ̀ dé orí ìfà bíréèkì láìtú ọwọ́ sílẹ̀. Sùkúrú kékeré kan wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn tí a fi ń fà á súnmọ́ ibi ìdìmú fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré, àwọn obìnrin tó wà níbí sì mọ ohun tí mò ń sọ. Dígí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lórí kẹ̀kẹ́ yìí, nítorí ẹni tó fẹ̀yìn tì kò lè yí gbogbo ara padà wo ẹ̀yìn. Ọwọ́ ọ̀tún ni a ti ń rìn ní Nàìjíríà láti ọdún 1972, ọwọ́ òsì wa sì ni ọkọ̀ ti ń kọjá, nítorí náà apá òsì ni dígí àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà. Ẹ rí i dájú pé kò sí lójú ọ̀nà orúnkún.

Ìkìlọ̀ wà fún àwọn ọ̀gá tó ń jó irin. Bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá jẹ́ irin lásán, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ tàbí kí ẹ jó o pọ̀ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ẹ má ṣe fi iná sún un mọ́ láti tẹ̀ ẹ́: iná máa ń sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́, bí ó bá sì kán, kì í kìlọ̀. Bí ó bá jẹ́ kábọ̀n, ohun fífúyẹ́ tí a fi okùn kábọ̀n àti ike ṣe, ẹ má tilẹ̀ fi sípánà fún un ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ irin ìsopọ̀ ni wọ́n kọ iye agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ sí lára, 5 Nm (niútọ̀nù-mítà, ìwọ̀n agbára ìyípo) ni ó sì wọ́pọ̀ jù. Bí nọ́ọ̀tì bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ máa fún wọn ní kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, kí àlàfo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè dọ́gba. Nígbàkígbà tí ẹ bá ti gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kúrò níbi tó wà, ẹ yí i sọ́tùn-ún àti sósì dópin, kí ẹ sì wo wáyà bíréèkì. Wáyà tó bá fà nígbà tí a yí ọwọ́ lè fún bíréèkì fúnra rẹ̀ ní igun ọ̀nà, èyí tó bá sì gùn jù yóò kọ́ orúnkún.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi téèpù sàmì sí ibi tí nǹkan wà kí ẹ tó tú u, kí ẹ gùn ún fún ọjọ́ bíi mélòó kan lórí ọ̀nà tí ẹ mọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn. Ẹni tó bá gbé ìjókòó, òpó iwájú àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kúrò lọ́jọ́ kan náà kò ní mọ èyí tó wo orúnkún rẹ̀ sàn tàbí èyí tó ba ọrùn rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn ìgùn àkọ́kọ́, ẹ padà wá yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì wò, nítorí wọ́n máa ń dẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí kẹ̀kẹ́ bá ti gbọ̀n.

Àwọn kẹ̀kẹ́ tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ wà ní àgbàlá. Kí ẹni tó bá fẹ́ kí a wọn òpó iwájú fún òun wọ bàtà tó fi ń gùn ún gan-an wá, kì í ṣe sálúbàtà, nítorí bí ìtẹ́lẹ̀ bàtà bá ṣe nípọn tó wà lára ìwọ̀n ẹsẹ̀.